Kámẹ́rà wo ló ń ríran lóru?

Ìbéèrè tí ó wọlé nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ fídíò. Ìgbéyàwó ni mo máa ń yà tẹ́lẹ̀, ọ̀sán sì ni, kámúkọ́dà kékeré ọwọ́ mi ń gbé e dáadáa. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan báyìí, ìsọ́ òru ṣọ́ọ̀ṣì àti àìsùn òkú ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè mí sí, fídíò mi ò sì ṣeé wò mọ́. Ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n da iyanrìn sí i. Ẹnì kan ní kí n lọ ra kámẹ́rà Sony A7S III. Ẹlòmíràn ní kámúkọ́dà tuntun tó ní 4K (àwòrán tó kún fún píksẹ́lì, àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) àti súùmù ìlọ́po 20 ti tó mi. Àfi kí n yáwó kí n tó lè ra A7S III. Bọ́dì (kámẹ́rà láìsí lẹ́ńsì) tòkunbọ̀ kan tó mọ níwọ̀n pẹ̀lú lẹ́ńsì kan tàbí méjì lowó mi ká. Kí ni kí n rà? Ṣé kí n sì ta èyí tó wà lọ́wọ́ mi kún un?"

Àbúrò, o kú iṣẹ́ òru. Má yáwó, má sì ra kámúkọ́dà súùmù ìlọ́po 20 yẹn. Lẹ́ńsì ni kí o kọ́kọ́ yọ owó rẹ̀ sọ́tọ̀, kí bọ́dì wá tẹ̀lé e. Mo mọ̀ pé òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe, torí orúkọ bọ́dì ló máa ń dùn ún dárúkọ láàárín ẹgbẹ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí èmi ti kọ́ ọ fún ọ.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, wọ́n pè mí sí àìsùn ìyá àgbà kan ní abúlé kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ta kánópì sí àgbàlá, wọ́n so gílóòbù mẹ́rin mọ́ ọn. Aago mẹ́sàn-án ò tíì lù tí NEPA fi mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ló gba iṣẹ́ ṣe. Mo wo ojú kámúkọ́dà mi, mo rí i pé ó ṣì ń ríran, inú mi dùn. N kò mọ̀ pé ó ti fúnra rẹ̀ gbé gain lọ sí 18 dB. Ìyẹn ni pé ohun tó ń ti inú sẹ́ńsọ̀ (ojú inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀) jáde, ó ti sọ ọ́ di ìlọ́po 8, àti èyí tó dára àti ìdọ̀tí tó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbé fídíò lọ fún wọn, àkọ́bí ìyá wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni?" Òjò kankan ò rọ̀. Mo dá ìdajì owó wọn padà.

Òjò tó rí yẹn gan-an ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé. Ká ní òjò wínníwínní ń rọ̀, o wá gbé ife kékeré méjì síta fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀kán 3 lè bọ́ sínú ọ̀kan kí 6 bọ́ sínú èkejì. Ẹni tó bá wo ife méjèèjì á ní òjò ọ̀hún pọ̀ ju ti ìhín lọ, bẹ́ẹ̀ òjò kan náà ló rọ̀ sí méjèèjì. Gbé ọpọ́n ńlá méjì síta, kí 300 bọ́ sínú ọ̀kan, kí 310 bọ́ sínú èkejì: ta ló máa mọ ìyàtọ̀? Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀ nìyẹn. Tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, iye tí píksẹ́lì kan gbà á yàtọ̀ pátápátá sí ti aládùúgbò rẹ̀, ara ògiri tó yẹ kó jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo á wá máa hó bí ìgbà tí èèrà ń rìn lórí rẹ̀. Iyanrìn rẹ nìyẹn. Bí o bá fẹ́ kó dín kù, ihò tí òjò ń gbà wọlé lè fẹ̀ sí i, ìyẹn lẹ́ńsì. Ọpọ́n lè tóbi sí i, ìyẹn sẹ́ńsọ̀. O lè jẹ́ kí ọpọ́n pẹ́ síta, ìyẹn ṣọ́tà, bí kámẹ́rà ṣe ń lajú pẹ́ tó fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Tàbí kí òjò fúnra rẹ̀ pọ̀ sí i, ìyẹn ni pé kí o gbé iná wá. ISO, nọ́ńbà tí a fi ń mú kí àwòrán mọ́lẹ̀ sí i nínú kámẹ́rà, ò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. ISO dà bí ìgbà tí pásítọ̀ jìnnà sí makirofóònù, tí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ wá ń yí fólúùmù sókè: ohùn pásítọ̀ á gòkè lóòótọ́, ariwo fáànù náà á bá a gòkè.

Nítorí náà, bí olùtajà bá ń sọ fún ọ pé kámẹ́rà òun ń lọ dé ISO 409600, kàn máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ pátákó ìpolówó ni. Canon ṣe kámẹ́rà kan ní ọdún 2015, ME20F-SH, tí ISO rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 4. Dọ́là 30,000 ni wọ́n pè é nígbà tó jáde, iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ àti yíya ẹranko igbó lóru ni wọ́n sì ṣe é fún. Kò sẹ́ni tó ń gbé e lọ yà ìyàwó.

Wá wo lẹ́ńsì. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ tẹ̀lé lẹ́tà f lára lẹ́ńsì, bó bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe fẹ̀ tó. Lẹ́ńsì súùmù tí wọ́n sábà máa ń fi kún bọ́dì nínú páálí, f/3.5 ló bẹ̀rẹ̀, bí o bá sì súùmù dé òpin, f/5.6 ló kù sí. Lẹ́ńsì tí kì í súùmù tó jẹ́ f/1.8 wà tí owó rẹ̀ ò pọ̀. Fi 1.8 pín 5.6, wàá rí 3.1, sọ 3.1 di ìlọ́po ara rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10. Ìlọ́po 10 ìmọ́lẹ̀ nìyẹn, láti ara gíláàsì nìkan. Ibi tí lẹ́ńsì inú páálí ti mú kí o gbé ISO dé 12800, bíi 1300 ni lẹ́ńsì f/1.8 máa béèrè lọ́wọ́ rẹ. Kò sí bọ́dì tí o lè fi pààrọ̀ bọ́dì tó máa fún ọ ní irú èrè bẹ́ẹ̀ ní iye owó yẹn. Ẹni tó ra A7S III tó wá fi lẹ́ńsì f/5.6 sí i lẹ́nu, ó ra ọpọ́n ńlá, ó fi ìdérí bo ó.

Èyí náà ló mú kí n sọ pé kí o fi kámúkọ́dà súùmù ìlọ́po 20 sílẹ̀. Wọ́n lè kọ f/1.8 sí ara rẹ̀ lóòótọ́, ìbẹ̀rẹ̀ súùmù nìkan ni f/1.8 yẹn wà. Bí o bá ṣe ń fa pásítọ̀ mọ́ra láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ihò ń sún kì. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì kéré. 4K tí wọ́n kọ sí i ò ran òru lọ́wọ́ kankan.

Ní ti ìwọ̀n sẹ́ńsọ̀, àwọn tí wàá bá pàdé lọ́jà ò pọ̀. Full-frame jẹ́ mìlímítà 36 ní ìbú, 24 ní gíga. APS-C jẹ́ 23.5 sí 15.6, kò tó ìdajì full-frame bí o bá ká àyè rẹ̀. Micro Four Thirds jẹ́ 17.3 sí 13, ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Èyí tí wọ́n ń pè ní one-inch jẹ́ 13.2 sí 8.8, má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn ọ́, kò síbi kankan lára rẹ̀ tó gùn tó íńṣì kan, àṣà ìgbà tí kámẹ́rà ń lo ọ̀pá gíláàsì ni wọ́n jogún. Ti ọ̀pọ̀ kámúkọ́dà kékeré àti ti ọ̀pọ̀ fóònù tún kéré sí gbogbo ìwọ̀nyí. Ìdí nìyẹn tí fóònù tó ń ya fọ́tò òru tó dùn ún wò fi ń yọ iyanrìn bí o bá tẹ fídíò: fún fọ́tò, ó lè ya mélòó kan kó pa wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ò fún un láyè irú ọgbọ́n yẹn.

Àwọn tó ń gbé A7S III gẹ̀gẹ̀ ò purọ́. Ó jáde ní 2020, bíi dọ́là 3,500. Píksẹ́lì mílíọ̀nù 12 péré ni wọ́n fi sórí sẹ́ńsọ̀ full-frame rẹ̀, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó 24 tàbí 45 sí, torí náà ọpọ́n kọ̀ọ̀kan fẹ̀. Ó tún ní ohun kan tó yẹ kí o mọ̀, torí o máa bá a lára àwọn kámẹ́rà tí kò wọ́n tó o: ISO ìpìlẹ̀ méjì. Inú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, ọ̀nà méjì ni àmì ìmọ́lẹ̀ lè gbà jáde, ọ̀kan fún ọ̀sán, ọ̀kan fún òru, ti òru ò sì ní ariwo púpọ̀ nínú. Bí o bá ń ya S-Log3 (ọ̀nà ìyàwòrán Sony tí a máa ń tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà) lórí A7S III, ìpìlẹ̀ kìíní jẹ́ 640, ìkejì jẹ́ 12800. Ti Sony FX30, tó jẹ́ APS-C, jẹ́ 800 àti 2500. Ti Panasonic S5, bí o bá ń lo V-Log, irú S-Log3 ti Panasonic, jẹ́ 640 àti 4000. Ti Blackmagic Pocket 4K jẹ́ 400 àti 3200. Ohun tó ń ya èèyàn lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé gbígbé ISO sókè lè dín iyanrìn kù. Lórí Blackmagic yẹn, ISO 1000 ṣì wà lójú ọ̀nà ọ̀sán, 1250 ti bọ́ sójú ọ̀nà òru, 1250 sì mọ́ ju 1000 lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ọdún méjì lo kámẹ́rà wọn ní ISO tó burú jù lára rẹ̀ láìmọ̀. Èyíkéyìí tí o bá rà, wá ìpìlẹ̀ kejì rẹ̀ kí o tó gbé e jáde nílé.

Ṣùgbọ́n kí ojú kámẹ́rà mọ́ kò tó. Ó gbọ́dọ̀ lè di ojú èèyàn mú nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ bọ́dì tó ń wọ́lẹ̀ lọ́jà tòkunbọ̀ sì ni autofocus, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ló pa wọ́n. A7S II ti 2015, wọn á fi lọ̀ ọ́, owó rẹ̀ á sì wọ̀ ọ́ lójú. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ dára títí dòní, ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn, fókọ́ọ̀sì rẹ̀ á máa lọ á máa bọ̀ bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ́ sọnù. Panasonic ṣe irú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, S5 wà lára wọn. S5 II ti 2023 ni wọ́n tó tún un ṣe. Blackmagic Pocket 4K ò tilẹ̀ ní autofocus tó ń tẹ̀ lé èèyàn rárá, ìwọ ni wàá máa fi ọwọ́ yí i. Bí o bá ní ọmọ iṣẹ́ tó mọ fókọ́ọ̀sì í yí, kò burú. Bí ìwọ nìkan lo ń lọ, fò wọ́n. Rántí pé lẹ́ńsì f/1.4 tí mò ń yìn yìí, bí o bá ṣí i tán, àyè tó mú ṣáká kéré: ojú lè mú ṣáká kí etí má mú. Kámẹ́rà tó ń ṣìnà lórí rẹ̀ á kó ọ sí wàhálà.

Èkejì ni àkókò. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà fọ́tò tó ń ya fídíò ló ń dúró fúnra wọn bó bá ti di ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59. Ọ̀rọ̀ owó orí ní ilẹ̀ Yúróòpù ló fa á: nígbà kan, kámẹ́rà tó bá lè yà tó ìṣẹ́jú 30, kámẹ́rà fídíò ni wọ́n ń kà á sí níbodè, owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ nígbà náà sì ga. Sony A7 III ní ìdènà yìí, Canon R6 náà ní in. Pásítọ̀ wo lo mọ̀ tí ìwàásù ìsọ́ òru rẹ̀ ń parí ní ìṣẹ́jú 29?

Ohun tí màá rà ká ní èmi ni ìwọ nìyí: Sony A6400 tòkunbọ̀. Ó jáde ní 2019, APS-C ni, kò ní ìdènà ìṣẹ́jú 30, autofocus rẹ̀ ń di ojú èèyàn mú. Kì í ṣe ọba òru o. Mi ò kì í gbé e kọjá ISO 6400 bí mo bá fẹ́ gba owó mi láìsí àríyànjiyàn. Kò ní ohun tó ń gba jìgìjìgì mọ́ra nínú bọ́dì, nítorí náà orí trípọ́dù ni. Bátìrì rẹ̀ kéré, ìsọ́ òru á jẹ mẹ́rin tán. Ṣùgbọ́n ó ń gba iná láti ara páwà báǹkì gba ihò USB rẹ̀ bó ti ń yà lọ, ìyẹn á gbà ọ́. Lọ sí mẹ́nù rẹ̀, kí o sì gbé ìwọ̀n ooru tó fi ń pa ara rẹ̀ sókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ 4K á mú un pa láàárín orin ìyìn.

Lẹ́ńsì rẹ̀ ńkọ́? Lára èyí tí Sigma ní, mẹ́ta wà tó bá a mu, 16mm, 30mm àti 56mm, f/1.4 ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí nọ́ńbà mm bá ṣe pọ̀ tó ni lẹ́ńsì ṣe ń fa nǹkan mọ́ra tó. Bí o bá dúró ní mítà 5 sí àga ìwàásù, 56mm á mú pásítọ̀ láti orí dé ìbàdí. 30mm á mú un láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀kan lowó rẹ ká, 30mm ni kí o mú. Nínú àìsùn, níbi tí àyè ti há tí ọmọ òkú lè jó wá bá ọ nígbàkigbà, 56mm á sé ọ mọ́gi. Bí owó bá tún yọjú, ra 56mm. Wàá ṣàárò súùmù, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ẹsẹ̀ rẹ ni súùmù rẹ báyìí, o sì ní láti tètè dé kí o tó lè mú ibi iwájú. Bí ṣọ́ọ̀ṣì kò bá gbà kí o kúrò lẹ́yìn, a jẹ́ pé súùmù f/2.8 lo nílò, wàá sì pàdánù ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tí f/1.4 ń fún ọ. Bí owó bá fẹ̀ ju bí o ṣe sọ lọ, FX30 ni kí o wò kí o tó wo ohunkóhun mìíràn. Ó ní fáànù nínú, kò sì rọrùn kó gbóná pa.

Bí o bá dé ọjà, ìbáà jẹ́ Computer Village n'Íkẹjà tàbí ibòmíràn, mú mẹ́mórì káàdì àti láptọ́ọ̀pù tìrẹ lọ. Fi ìdérí bo lẹ́ńsì, gbé ISO sókè, ya ìṣẹ́jú kan, wò ó lórí láptọ́ọ̀pù: bí àmì pupa tàbí funfun bá dúró síbì kan tí kò kúrò, sẹ́ńsọ̀ ti ń ṣàìsàn. Ya abẹ́ tábìlì ní 3200, ní 6400, ní 12800. Má gba ojú kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà gbọ́, ojú yẹn kì í fi iyanrìn hàn, òun ló tàn mí jẹ nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́. Fi tọ́ọ̀ṣì tan inú lẹ́ńsì láti ẹ̀yìn, ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń hu olú sínú gíláàsì, ó sì máa ń rí bí okùn aláǹtakùn. Kí o sì ṣí mẹ́nù. Ọ̀pọ̀ Sony tí wọ́n tà ní Japan, èdè Japan nìkan ló ń sọ, kò sí èdè mìíràn nínú mẹ́nù wọn. Mo mọ ẹni tó fi ọdún kan há àwòrán mẹ́nù sórí bí ọmọ ilé-kéwú.

Nínú mẹ́nù yẹn kan náà, wá ibi tí wọ́n kọ PAL sí (ètò fídíò àwọn ilẹ̀ tí iná wọn jẹ́ 50 Hz), kí o fi sí i, kí o sì máa ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó nídìí, ibi tí ọ̀pọ̀ fídíò òru wa sì ti ń bàjẹ́ nìyí láìjẹ́ ẹ̀bi sẹ́ńsọ̀. Iná NEPA wa jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gílóòbù tó bá jẹ iná yẹn ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú wa ò rí i, kámẹ́rà ń rí i. Bí ṣọ́tà rẹ bá wà ní 1/50 tàbí 1/100, gbogbo àwòrán á gba iye ìmọ́lẹ̀ kan náà, ohun gbogbo á dúró jẹ́ẹ́. Bó bá wà ní 1/60 tàbí 1/125, ìlà dúdú lè yọ lójú fídíò bí òjìji. Fi sí 1/50, kí o má fọwọ́ kàn án mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìwọ̀n yẹn dára ní Kòtónù àti Lọ́ńdọ̀nù náà; ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ọ lọ yà òde ní Houston tàbí ní Brazil, 60 Hz ni wọ́n ń lò níbẹ̀, 1/60 ni kí o gbé e sí.

Jẹnẹrétọ̀ ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tán síbẹ̀. Ti kékeré tó ń lo epo bẹntiróòlù kì í dúró sójú 50 Hz. Bí wọ́n bá tan fáànù àti fíríìjì pọ̀ mọ́ gílóòbù, ẹ̀rọ á rọ̀, Hz á jábọ́, ìlà dúdú rẹ á sì padà dé. Àwọn iná LED olówó pọ́ọ́kú tí àwọn DJ ń gbé kiri tún wà, tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ń tàn tí wọ́n ń kú kíákíá láti fi dín agbára wọn kù. Fún wọn kò sí nọ́ńbà tí mo lè fún ọ. Tètè dé, tan iná wọn, máa yí ṣọ́tà díẹ̀díẹ̀ títí ìlà á fi kúrò. Bí kò bá kúrò, bá DJ sọ̀rọ̀ kí ó gbé iná náà sókè tán. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣẹ́jú mọ́ bí agbára wọn bá pé.

Nígbà tí o bá wà lọ́dọ̀ DJ, bẹ̀ ẹ́ kó yí iná aláwọ̀ aró àti elésè àlùkò kúrò lójú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní òkùnkùn ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Kámẹ́rà tí a fi sí auto náà ò mọ̀ ọ́n. Bí màmá ìyàwó bá wọ léèsì funfun tí iná bọ́ sí i, auto á rí funfun, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì ti gbogbo rẹ̀ wálẹ̀, ojú màmá á di èédú. Bí pásítọ̀ bá wọ kóòtù dúdú níwájú aṣọ títa dúdú, auto á gbé e sókè, iwájú orí rẹ̀ á máa dán bí dígí. Fọwọ́ ara rẹ ṣe é. Àwọ̀ dúdú kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà tó àwọ̀ funfun, nítorí náà kò yẹ kó mọ́lẹ̀ tó o lójú kámẹ́rà. Èmi máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú tí iná bọ́ sí sáàárín 45 sí 55 lórí ìwọ̀n zebra (àwọn ìlà tí kámẹ́rà ń fà sójú rẹ̀ láti fi bí ibì kan ṣe mọ́lẹ̀ tó hàn), kí léèsì lọ síbi tó bá fẹ́. Kí o má sì máa yà á dúdú pé wàá tan án nígbà tí o bá ń gé fídíò. A6400 ò tọ́jú àwọ̀ púpọ̀ sínú fáìlì rẹ̀, 8-bit ni. Òjìji tí o bá fi kọ̀ǹpútà fà sókè á wá pẹ̀lú iyanrìn rẹ̀. Ó sàn kí ISO gòkè díẹ̀ nínú kámẹ́rà kí ojú èèyàn yé ni.

Bí iyanrìn díẹ̀ bá ṣì kù, DaVinci Resolve Studio ní ohun tó ń fọ̀ ọ́ mọ́; ti ọ̀fẹ́ ò ní in. Fi díẹ̀ díẹ̀ lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ awọ èèyàn á di ike. Ó wúlò jù fún èyí tí àwọn oníbàárà á fi sí WhatsApp, torí bí WhatsApp bá ń fún fídíò pọ̀, iyanrìn ló máa ń sọ di páálí páálí.

Kí owó tó tán lọ́wọ́ rẹ, yọ ti iná LED kékeré méjì tó ń lo bátìrì. Má gbé e sórí kámẹ́rà kó máa tàn sójú àwọn èèyàn bí tọ́ọ̀ṣì ọlọ́pàá. Gbé e sórí ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó ga ju orí lọ díẹ̀, kó sì sún mọ́ ẹni tí o ń yà: bí o bá gbé e láti mítà 4 wá sí mítà 2, ìlọ́po 4 ìmọ́lẹ̀ lo rí gbà láìsan kọ́bọ̀. Nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ funfun, yí i kọjú sí ògiri. Fún àìsùn ìta gbangba tí NEPA ti mú iná lọ, iná méjì yìí ló máa mú kí wọ́n tún pè ọ́, ju orúkọ tó wà lára bọ́dì lọ.

Ní ti kámúkọ́dà àtijọ́ rẹ, má tà á. Owó tí wọ́n máa fún ọ lórí rẹ̀ ò ní ra lẹ́ńsì kankan. Gbé e sẹ́yìn lórí trípọ́dù, kó máa ya gbogbo ilé lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o so ohùn láti ara míksà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn bó bá ní ihò makirofóònù. Pa gain rẹ̀ aládàáṣe, má jẹ́ kó kọjá 9 dB. Àwòrán rẹ̀ á ṣókùnkùn, kò sì burú, torí àsìkò tí o bá ń pààrọ̀ bátìrì lórí A6400 nìkan lo máa nílò rẹ̀.